Ẹmu àti àwọn oúnjẹ tí ó bá a mu ní agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ẹmu jẹ́ ohun mímu funfun tí a ń rí láti ara ọ̀pẹ àti láti ara ògùrọ̀. Ó máa ń di ọtí fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sè é tàbí fi nǹkan kan kún un. Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹmu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun mímu tí àgbẹ̀ fi ń sinmi lóko, tí ọdẹ fi ń ṣe fàájì, tí onílé sì fi ń gba àlejò. Ìkìrun ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, nínú èyí tí Ìnísà wà. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pẹ ń hù láàárín oko iṣu àti oko àgbàdo, ògùrọ̀ sì ń hù ní àkùrọ̀ àti ní bèbè odò.

Àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa wáìnì funfun ilẹ̀ Faransé sábà máa ń sọ irú oúnjẹ tí ó bá ìgò kọ̀ọ̀kan mu. Ìbéèrè kan náà ṣeé bèèrè nípa ẹmu, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò sí lára ìgò. Wákàtí ni ó ń pinnu rẹ̀. Ẹmu òwúrọ̀ àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ohun mímu kan náà, kódà bí ó bá jẹ́ pé inú akèrègbè kan ni a ti bu méjèèjì.

Orúkọ

Nínú èdè Yorùbá, ọtí ni orúkọ gbogbogbò fún ohun mímu tí ó lè pa ènìyàn. Ẹmu jẹ́ oríṣi kan lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo ṣe, àgàdàgídí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe, àti bùrùkùtù tí a fi ọkà bàbà ṣe ti jẹ́ oríṣi mìíràn. Ògùrọ̀ jẹ́ orúkọ igi, ó sì tún jẹ́ orúkọ ohun tí ó ń ti ara igi náà jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ sí i máa ń sọ pé ẹmu ọ̀pẹ tàbí ẹmu ògùrọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá iṣẹ́ yìí lọ ni "dá". Nígbà tí dá àti ẹmu bá pàdé, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ ìṣe náà á pa jẹ, ohùn òkè rẹ̀ á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ orúkọ, a ó wá ní dẹ́mu. Láti ibẹ̀ ni a ti rí adẹ́mu, ẹni tí ó ń gun igi. Ẹlẹ́mu yàtọ̀ sí i: ẹni tí ó ni ẹmu tàbí tí ó ń tà á ni. Ènìyàn kan lè jẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni.

Ó tọ́ láti kíyè sí i pé àwọn tí ó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tí ó ń sọ èdè Faransé ní Benin àti Tógò, ń pe ẹmu ní wáìnì ọ̀pẹ. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther kó ipa ńlá nínú rẹ̀, a kò fi ẹmu dípò ohun mímu tí a fi èso àjàrà ṣe. A yá "wáìnì" wọlé, a sì so ó mọ́ ọtí, ó di ọtí wáìnì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ létí Yorùbá.

Bí a ṣe ń dá a

Adẹ́mu máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Igbà ni okùn líle tí ó yí igi àti ìdí ẹni tí ó ń gùn ún ká. Òun nìkan ni ó sì dì í mú lókè, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Bí adẹ́mu bá dé orí ọ̀pẹ, yóò tún àárín imọ̀ ṣe, yóò sì gé ìtànná akọ tí kò tíì là. Yóò wá so akèrègbè tàbí kẹ́ẹ̀gì mọ́ ibi tí ó gé, kí oje igi lè máa kán sínú rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni yóò máa padà lọ gbé èyí tí ó ti kún sọ̀kalẹ̀, tí yóò sì tún ojú ibi gígé náà bẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó má baà dí. Ọ̀pẹ tí a dá lọ́nà yìí kì í kú. Ọ̀nà kejì ni pé kí a wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kí a tó dá a. Èyí rọrùn fún ẹni tí kò lè gungi, ṣùgbọ́n igi náà tán nìyẹn, àti epo tí ìbá ti ara rẹ̀ jáde ní ọdún mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ògùrọ̀ le ju èyí lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni igi ògùrọ̀ máa ń tanná ní gbogbo ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà a sì kú. Àsìkò tí ó fẹ́ tanná yìí gan-an ni adẹ́mu ń dá a, láti orí rẹ̀. Bí igi náà bá ti sun ẹmu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò kú láìso èso. Àkùrọ̀ tí a bá dá gbogbo ògùrọ̀ inú rẹ̀, tí a kò sì gbin òmíràn, kò ní ní irúgbìn tí yóò rọ́pò wọn.

Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́

Bí oje ọ̀pẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán láti ara igi, ó mọ́, ó sì dùn bí omi ṣúgà. Nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ṣúgà, kò sì ní kíkan kankan. Àwọ̀ funfun bíi wàrà tí a mọ̀ mọ́ ẹmu kì í ṣe àwọ̀ oje náà. Ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ti wọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń pọ̀ sí i, ni ó ń sọ ọ́ di funfun. Ara afẹ́fẹ́, ara igi àti inú akèrègbè tí a ti lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ìdí nìyí tí ẹmu tí a gbà sínú akèrègbè àtijọ́ fi máa ń yára ru ju èyí tí a gbà sínú ike tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wáìnì funfun Faransé yàtọ̀ pátápátá ní ti èyí: ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, nítorí pé a ti yọ ìwúkàrà kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó wọ ìgò. Ní ti ẹmu, ìwúkàrà alààyè ni a ń mu pọ̀ mọ́ ọn.

Láàárín wákàtí díẹ̀ ẹmu a máa hó, a sì ní nǹkan bí ìdá 4 ọtí nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, púpọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ ti lọ, ó ti le, ó sì ti ń kan. Ní ọjọ́ kejì ó lè dé ìdá 5 sí 7, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ ti borí adùn. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní ọtí kíkan, tí kò ṣeé mu mọ́ àfi kí a fi se nǹkan. Wáìnì funfun máa ń ní ìdá 12 tàbí 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè wà nínú ìgò fún ọdún púpọ̀.

Nítorí èyí, ẹmu kì í rìn jìnnà. Ojú irin tí ó ti Èkó wá gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó ṣeé ṣe láti fi ọkọ̀ ojú irin gbé iṣu, obì àti kòkó lọ sí ọ̀nà jíjìn láìbàjẹ́. Ẹmu tí a gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ní Òkukù kò lè dé Èkó kí ó ṣì jẹ́ ẹmu òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adùn rẹ̀ ní láti lọ sí ìdí ọ̀pẹ.

Àwọn oúnjẹ tí ó bá a mu

Ẹmu òwúrọ̀, tí ó ṣì dùn, ń fẹ́ oúnjẹ gbígbẹ àti oúnjẹ oníyọ̀. Èsun iṣu ni ó ṣíwájú gbogbo wọn. Lóko ni àgbẹ̀ ti ń dá iná, tí ó ń ti iṣu bọ inú ẹ̀ṣẹ́ iná, tí ó ń ha èèpo dúdú rẹ̀ kúrò, tí ó sì ń fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Èsun iṣu a máa gbẹ, a sì máa há ènìyàn lọ́fun. Ẹmu tútù ni ó ń tì í lọ. Iṣu àti ẹmu sábà máa ń ti inú oko kan náà wá, nítorí pé àgbẹ̀ kì í gé gbogbo ọ̀pẹ tí ó bá lójú ilẹ̀ tí ó ń kọ ebè sí. Ẹ̀pà yíyan, róbó tí a fi ẹ̀gúsí ṣe, àti àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn wà ní ìpele yìí pẹ̀lú. Nínú gbogbo wọn, róbó ni ó yẹ ní ìyìn jù: iyọ̀ àti ata rẹ̀ mú kí adùn ẹmu hàn, òróró ẹ̀gúsí rẹ̀ kò sì wúwo lẹ́nu.

Ẹmu ọ̀sán ni ó bá ata mu. Ọ̀yà, ẹtu àti ẹran ìgbẹ́ mìíràn tí a ti yan gbẹ, tí a wá fi ata àti irú sè, ni ọdẹ fi ń mu ún. Ní ibùdó ẹlẹ́mu lóde òní a tún ń rí àsun, ẹran ewúrẹ́ sísun aláta tí a mọ̀ mọ́ Oǹdó, àti ẹja àrọ̀ nínú omi ọbẹ̀ aláta. Ìdí tí ìṣọ̀kan yìí fi dára kò ṣòro láti mọ̀. Ọtí líle máa ń jẹ́ kí ata ta ènìyàn sí i, ṣúgà sì máa ń rọ̀ ọ́. Ẹmu ọ̀sán ní ọtí díẹ̀, ó sì tún ní ṣúgà tí ó ṣẹ́kù. Wáìnì funfun tí kò ní adùn, tí ọtí rẹ̀ tó ìdá 13, kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ wáìnì fúnra wọn máa ń gba ẹni tí ó fẹ́ jẹ ata nímọ̀ràn pé kí ó wá èyí tí ó dùn díẹ̀, tí ọtí rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí a bá ní kí a fi òdiwọ̀n yìí wò ó, ẹmu ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgò olówó ńlá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo àsun.

Ẹmu ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó sì ti le. Ọ̀rá ni ó bá a mu: ẹran tí ó sanra, awọ adìyẹ tí a dín, pọ̀nmọ́ inú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀. Kíkan rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Irú ìlànà yìí náà ni ó wà lẹ́yìn ìṣọ̀kan kan tí ó lókìkí ní ilẹ̀ Faransé, ti Sancerre àti wàrà ewúrẹ́ Chavignol. Sancerre jẹ́ wáìnì funfun kíkan láti àfonífojì odò Loire, òfin sì ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1936. Abúlé Chavignol wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Sancerre gan-an, nítorí náà aládùúgbò ni wáìnì àti wàrà náà. Ní agbègbè Ọ̀ṣun àti Kwara, àwọn obìnrin Fúlàní máa ń fi ewé bòmubòmu mú kí wàrà màlúù dì. Wàrà díndín yìí àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ ìbá bá ara wọn mu lọ́nà kan náà, ṣùgbọ́n àwo kan kì í sábà kó wọn pọ̀: ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò gba ẹni tí ó ń ṣe wàrà láyè láti mu ọtí.

Iyán àti ọkà kò sí lára àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Omi ni a sábà máa ń mu lé oúnjẹ òkèlè; ẹmu tí ó ń hó kò rí àyè nínú ikùn tí iyán ti kún.

Ẹmu tí ó ti kan kì í ṣòfò. Ìwúkàrà inú rẹ̀ lè wú ìyẹ̀fun; ní Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà, irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ láti ara igi àgbọn ni a fi ń po appam, àkàrà pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun ìrẹsì.

Ògún àti Ọbàtálá

Òrìṣà méjì ni ó fi hàn pé oúnjẹ àti ẹmu ní òfin tí ó dàgbà ju ìwé lọ. Ajá, èsun iṣu àti ẹmu wà lára ohun tí a fi ń bọ Ògún. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó dé ìlú Ìrè nígbà tí àwọn ará ìlú wà ní ìpàdé tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí akèrègbè ẹmu nílẹ̀, òfìfo ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn. Ó fa idà yọ, ó sì pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìrè Èkìtì ni Ìrè yìí. Kì í ṣe Ìrèé tí kò jìnnà sí Ìkìrun.

Ti Ọbàtálá lòdì sí èyí. Ẹmu ni ó mu yó nígbà tí a rán an láti dá ilé ayé, tí ó fi sùn lọ tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ẹmu di èèwọ̀ rẹ̀ àti ti àwọn olùsìn rẹ̀. Ìgbín ni oúnjẹ Ọbàtálá, tí omi ara rẹ̀ tutù. Nítorí náà ìgbín aláta tí a ń tà ní ibùdó ẹlẹ́mu lónìí jẹ́ ohun tí olórìṣà kan kò ní fọwọ́ kàn. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni pẹ̀lú kì í mu ún.

Àbùlà àti àwọn ewu mìíràn

Ẹmu àbùlà ni ẹmu tí a fi omi là. Nígbà tí omi bá ti pa adùn rẹ̀, àwọn ẹlẹ́mu kan a tún fi ṣúgà tàbí ohun adùn àtọwọ́dá sí i kí ó lè tún dùn lẹ́nu. Ewu ibẹ̀ kò mọ sí ìrẹ́jẹ: omi tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè gbé àrùn wọ inú ohun tí a kò ní sè kí a tó mu. Oje igi tí a kò bò kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹranko pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Bangladesh, àwọn ènìyàn ti kó àrùn Nipah láti inú oje ọ̀pẹ déètì tútù tí àdán ti fẹnu kàn. Bíbo ẹnu akèrègbè lórí igi kò náni ní ohun púpọ̀.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà pé ẹmu tútù ń mú kí ọmú ìyá ọlọ́mọ kún. Ọtí tí ìyá bá mu a máa dé inú wàrà ọmú, ẹmu sì ti ń ní ọtí láti wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn oníṣègùn kì í gba aboyún tàbí ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú nímọ̀ràn láti mu ún.

Nígbà tí a bá sọ ẹmu di oru tí a sì tún mú oru náà di omi, ògógóró ni a rí. Ní Benin, sodabi ni wọ́n ń pè é. Ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà fòfin de ògógóró, síbẹ̀ a kò dẹ́kun pípọn ọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Methanol yìí lè fọ́ ojú ènìyàn kí ó tó pa á. Kò sí ohun tí ó kan ẹmu láti ìdí ọ̀pẹ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kan ń da méjèèjì pọ̀.

Ẹmu inú ìgò

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Òṣòdì ní Èkó, tí a mọ̀ sí FIIRO, àti NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀pẹ ní ẹ̀bá ìlú Benin ní Ìpínlẹ̀ Edo, ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè fi ẹmu sínú ìgò. A máa ń fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí ó má baà ru mọ́. Ẹmu inú ìgò lè wà fún oṣù mélòó kan, ó sì lè kọjá òkun. Ṣùgbọ́n kì í hó bí èyí tí ó ti orí igi sọ̀kalẹ̀, wákàtí kò sì ní agbára lórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ń mu ún ní láti yan oúnjẹ tí ó bá ẹmu dídùn mu nìkan.

Nínú lítíréṣọ̀

Ìwé tí ó sọ ẹmu di mímọ̀ jù lọ ní àgbáyé ni The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Bàbá ọ̀mu inú ìtàn náà fún un ní oko tí ó ní 560,000 ọ̀pẹ àti adẹ́mu kan ṣoṣo. Nígbà tí adẹ́mu náà já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, gbogbo ọ̀pẹ yẹn kò wúlò fún un mọ́, kò sì sí adẹ́mu mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbéra lọ sí ìlú àwọn òkú láti wá a. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré tí ó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1963 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn.